Èèyàn wo ló wà nínú fìríìsà wa?

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni páálí náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Fúráìdé ló yẹ kó ti wọ láàbù wa ní òdìkejì ọ̀sà, àmọ́ ẹni tó ń gbé e bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú pẹ́ lọ́nà, ìgbà tó fi máa débẹ̀, wọ́n ti ti géètì. Ó pè mí. Mo ní kó kúkú máa gbé e bọ̀ nílé wa ní Ìkòròdú, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ooru. Nígbà tí mo tú u, áìsì tí wọ́n kó sí i ti ń di omi. Mo hú gbogbo fóòmù àti pépà kúrò, ó wá ku ike kékeré kan, kò gùn tó ìka ìfábẹ̀lá mi. Ohun tó wà nínú ike náà kò tó ẹ̀kán omi kan.

Mo tì í sí igun fìríìsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tí ìyá mi rà ní Èbúté lánàá ọjọ́ náà.

Kò tó wákàtí kan tí mo fi gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná.

“Àbẹ̀kẹ́! Kí ló wà nínú ike yìí?”

“Ti ibi iṣẹ́ ni, mà. Ẹ́ńsáìmù ni.”

“Ẹ́ńsáìmù kí ni?”

“Ti èèyàn, mà.”

Wọn ò dáhùn. Ariwo ọ̀rá ni mo ń gbọ́: wọ́n ń kó ẹja wọn jáde. Ìgbà tí wọ́n kó o tán ni wọ́n tó bi mí pé:

“Èèyàn wo?”

Ẹ má rò pé ìyá mi ò kàwé o. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn fúnra wọn ò sì lè ka iye ọmọ tí wọ́n ti gbẹ̀bí wọn láti Ìgbógbó títí dé Ìjẹ̀dé. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun tí agbẹ̀bí máa ń béèrè nípa ohunkóhun tó bá ti ara èèyàn jáde: ta ló ni ín, ibo ló ń lọ, ta ló máa tọ́jú ẹ̀? Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, wọn ò jẹ́ kí wọ́n da olóbì ẹnikẹ́ni sí ààtàn rí. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í, wọ́n á fi lé bàbá ọmọ lọ́wọ́ pé kó lọ sin ín.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, kì í ṣe èèyàn kankan. Bakitéríà ló ṣe é.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó purọ́ tí kò sì mọ irọ́ pa. “O ní ti èèyàn ni. O tún ní bakitéríà ló ṣe é. Èwo ni ká gbà?”

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò ní èsì gidi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mò ń jẹun nídìí rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí ti rí ẹ́ńsáìmù lẹ́nu iṣẹ́, bí kò bá tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ po ògì fún ọmọ kó ki, kó máa dán. Ẹ fi ṣíbí fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ọmọ kọ ìyókù, kí ẹ gbé ife sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìgbà tí ẹ bá fi máa padà dé ìdí rẹ̀, ògì ti ṣomi. Itọ́ ọmọ tó bá ṣíbí wọnú ife ló fa sábàbí. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú itọ́ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ lọ, kò sì ní torí pé ọmọ ti yó kó wá dáwọ́ dúró. Gbogbo ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ náà ni: purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì mọ, tó máa ń di nǹkan mú, tó máa ń yí i padà sí nǹkan mìíràn, tí òun fúnra rẹ̀ á sì jáde níbẹ̀ láìdín láìlé, á tún lọ di òmíràn mú. Iṣẹ́ tí ìbá gba ọjọ́ gbọọrọ, á ti parí rẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Orúkọ èyí tó wà nínú ike mi gùn, glucose-6-phosphate dehydrogenase, àmọ́ G6PD ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sí kílíníìkì ní Ìkòròdú níbí náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, “Dókítà ní ọmọ mi ò ní G6PD.” (Ó ní in o. Tirẹ̀ ni kì í lálòpẹ́. Màá débẹ̀.)

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni ká wò láti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ́síjìn ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń gbé kiri, ọ́síjìn yìí kan náà ló sì ń mú kí páànù ilé wa létí ọ̀sà dípẹtà. Ẹni tó bá ru iná lórí gbọ́dọ̀ ní omi nítòsí. Omi tí sẹ́ẹ̀lì ń lò ni wọ́n ń pè ní NADPH. Òun ló fi ń sọ glutathione dọ̀tun, glutathione ló sì ń pa iná kó tó ràn mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì. G6PD ló dúró létí kànga tó ń fa omi náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ní kànga méjì, mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá gbẹ, wọ́n á yà sí òmíràn. Kànga kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì pupa ní. Kó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ló ti da gbogbo ẹrù inú rẹ̀ nù kí àyè lè gba ohun tó ń gbé: kò ní nukiléọ́sì, kò ní mitokọ́ńdíríà, kò sì lè ṣe purotéènì tuntun mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n dì fún un lọ́jọ́ tó kúrò nílé ló máa jẹ fún nǹkan bí 120 ọjọ́ tó máa lò láyé.

Bí G6PD bá pé, ó máa ń tó nǹkan bí 62 ọjọ́ kí agbára rẹ̀ tó wálẹ̀ sí ìdajì nínú sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tirẹ̀ ò pé ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, tí wọ́n ń pè ní A-, ọjọ́ 13 péré ló máa ń gbà. Amino acid, ìyẹn àwọn ẹyọ tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tó fi di purotéènì, 515 ló wà nínú purotéènì yìí, méjì péré ló sì yàtọ̀ nínú ti A-, ìyẹn èyí tó wà ní ipò 68 àti èyí tó wà ní 126. Nítorí méjì yẹn, sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà á kàn máa rìn kiri láìní omi lẹ́yìn. Lọ́jọ́ lásán, kò sí ìyọnu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri títí tí wọ́n fi di arúgbó tí wọn ò sì mọ̀. Ọjọ́ tí iná bá ràn ni.

Tiwa ràn ní ọjọ́ karùn-ún tí mo bí ọmọ mi.

Àpótí onígi kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi tí wọ́n kó aṣọ ìkókó èmi àti àwọn àbúrò mi sí. Nígbà tí wọ́n ń kó o pamọ́, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n da káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, àwọn róńdó funfun tí wọ́n ń tà ní ọjà Sábó yẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn wá dẹni tó ń kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ àwọn róńdó inú àpótí náà ti yọ́ tán láti ọdún gbọ́nhan, òórùn ló kù, ta ló máa ń ka òórùn sí? Lọ́jọ́ tí a gbé ọmọ délé, wọ́n ṣí àpótí, òórùn náà gba gbogbo yàrá. Ó dùn mọ́ mi. Òórùn ìgbà èwe mi ni. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀lù yẹ́lò tí wọ́n fi gbé mi jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, wọ́n fi we ọmọ mi, wọ́n sì ń kì í: Àjàní ọkọ mi.

Ohun tí a ń pè ní káńfọ̀ yìí kì í ṣe káńfọ̀ gidi tó ń jáde lára igi. Naphthalene ni. Á máa fẹ́ wọnú afẹ́fẹ́, á gba imú àti awọ ara wọlé, ẹ̀dọ̀ á sì sọ ọ́ di nǹkan tó ń dáná sun sẹ́ẹ̀lì pupa. Ọmọ tí kànga rẹ̀ ò lómi, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ ni.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fi ìka fa ìpéǹpéjú ọmọ sísàlẹ̀ lójú fèrèsé, funfun ojú rẹ̀ ti dà bí ìbẹ́pẹ tó fẹ́ pọ́n. Wọn ò pariwo. Wọ́n bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n gbé e jáde sínú oòrùn àárọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àwọn ìyá. Títí dọ̀sán, ó ti ń kọ ọmú. Dókítà tí a bá lọ́sibítù ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi fa imú sókè, ó ní, “Ẹ lo káńfọ̀.” Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè. Ìyá mi gbé ojú wọn lọ síbi ògiri.

Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fọ́, ara máa ń sọ ohun tó tú jáde níbẹ̀ di nǹkan yẹ́lò kan tó ń jẹ́ bilirubin. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń dì í lẹ́rù kó lè bá ìgbẹ́ jáde, àmọ́ nínú ọmọ tuntun, ẹ́ńsáìmù náà ò tíì jí dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, ó máa ń wọ ọpọlọ, ibẹ̀ ni ewu wà. Iná búlúù tí wọ́n ń gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kì í jí ẹ́ńsáìmù yẹn o. Ó kàn ń yí ìrísí bilirubin padà, títí á fi lè jáde láìdúró de ẹni tó máa dì í. Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò lábẹ́ iná náà, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀kan.

Mo sọ ọ̀rọ̀ oòrùn àárọ̀ yẹn torí pé àwọn èèyàn ti fi ń fi àwọn ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Sister kan ló kọ́kọ́ fura sí iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ní ọsibítù Rochford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sister Jean Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé jáde sínú oòrùn. Ó kíyè sí i pé ibi tí oòrùn bá ti kan ara ọmọ, yẹ́lò rẹ̀ máa ń ṣí, ibi tí aṣọ bò á sì kù bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ gbé e yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1958. Ní 2015, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Èkó wa níbí fi hàn pé tí wọ́n bá ta ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán burúkú inú oòrùn kúrò sórí àtíbàbà, oòrùn náà lè ṣe iṣẹ́ iná búlúù. Nígbà tí mo kà á fún ìyá mi, orúkọ Sister Ward nìkan ni wọ́n ní kí n tún pè. Síbẹ̀, ẹ má gbára lé oòrùn ojúlé yín o. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Nígbà tí a padà délé, àpótí yẹn ò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mo rí eérú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Fún ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ike mi.

Jíìnì dà bí ọ̀rọ̀ tí ìyá fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, tó ní iná, tó ní ìkòkò, lè sè é, ì báà má jẹ́ ọmọ ilé yẹn. Ní 1973, Stanley Cohen àti Herbert Boyer ní Kalifóníà fi hàn pé èèyàn lè gé DNA, ìyẹn ohun tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ jíìnì, níbì kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùka DNA kékeré, kí bakitéríà sì gbà á wọlé kó máa dà á kọ bíi tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1978, bakitéríà ti ń ṣe ínsúlínì èèyàn. Ní 1982, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí àwọn aláìsàn máa lò ó. Kó tó dìgbà yẹn, inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ínsúlínì jáde. Alhaji tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, tó ń gún abẹ́rẹ́ kó tó jẹun òwúrọ̀, ọwọ́ bakitéríà tàbí ìwúkàrà ló ti ń gba ohun tó ń gún báyìí.

Bákan náà ni G6PD. Wọ́n fi jíìnì rẹ̀ sínú E. coli, bakitéríà inú ìfun tó lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú tí oúnjẹ bá pọ̀ níwájú rẹ̀. Bakitéríà ò mọ̀ pé èèyàn ni òun ń ṣe. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń so ìrù kékeré kan mọ́ ọn, amino acid kan tó ń jẹ́ histidine, mẹ́fà rẹ̀ tó tò tẹ̀ léra wọn. Wọ́n á fọ́ bakitéríà náà túútúú, wọ́n á da omi rẹ̀ gba inú ọ̀pá tí nickel wà, nickel á gbá ìrù náà mú, gbogbo purotéènì bakitéríà yòókù á ṣàn kọjá lọ. Bí ẹní de ìwọ̀ tí ẹja kan ṣoṣo nínú ọ̀sà lè gbé mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á já a gbà. G6PD tí wọ́n bá rí kó jọ á máa so mọ́ra ní méjì méjì, torí ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Nínú ìlú tó ní ìbejì tó báyìí, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Ta ló wá ni ín? Ní 1986 ni wọ́n ka jíìnì náà jáde láti orí dé ìdí. Ara sẹ́ẹ̀lì àwọn kan ni wọ́n ti kà á, kò ṣàì ní orírun. Àmọ́ lónìí, inú kọ̀ǹpútà ló wà bí ọ̀rọ̀ kíkọ, ẹ̀rọ ló sì lè hun ún ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìtún bèèrè lọ́wọ́ ara ẹnikẹ́ni. Ó ti rí bí òwe. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ là á lẹ́nu, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, gbogbo wa ń pa á, a sì ń ní àwọn àgbà ló ni ín. Mo sọ èyí fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo rò pé mo ti rí èsì. Wọ́n ní, “Òwe kì í sùn nínú fìríìsà.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn wọn. Ọwọ́ wọn wà nínú omi, wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja, wọn ò wo ojú mi.

“Ṣé wọn ò lè fi gún Àjàní ni?”

Mo ní, “Wọn ò lè fi gún un, mà.” Mo wá jókòó ti abọ́ ẹja, mo ṣàlàyé. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni G6PD ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá dà á sínú ẹ̀jẹ̀, ìta ló máa wà, torí sẹ́ẹ̀lì pupa ò ní ilẹ̀kùn tó lè gba irú rẹ̀ wọlé. Kànga wà nínú ọgbà, a wá ń kó ẹni tó ń fa omi dúró sí títì. Iṣẹ́ tí a ń fi ti inú ike yìí ṣe ni pé ká fi dán oògùn wò nínú láàbù, kí èèyàn sì wá ohun tó lè ki èyí tí kò lágbára láyà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde nípa èròjà kékeré kan tí wọ́n pè ní AG1, tó ń ran irú G6PD kan tí kò pé lọ́wọ́ láti dìde. Irú ẹ̀dá inú ike yìí ni wọ́n fi dán an wò. Kò tíì di oògùn.

“Gbogbo ẹ́ńsáìmù náà ni kò ṣeé gún?”

Rárá. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí ǹ bá má sọ. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ Gaucher: ẹ́ńsáìmù kan ni kò tó nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbálẹ̀ nínú ara, ọ̀rá á wá kún inú wọn, ikùn aláìsàn á wú, egungun á máa ro ó. Sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣe ìdí ṣúgà tó wà lára ẹ́ńsáìmù náà bó ṣe yẹ, á gbé e mì. Roscoe Brady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fọwọ́ sí oògùn náà ní 1991. Inú olóbì ni wọ́n ti ń fa ẹ́ńsáìmù rẹ̀ jáde.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. “Olóbì ta?”

“Ti àwọn ìyá tó bímọ, mà. Wọ́n ń kó o jọ láti ọsibítù.”

“Mélòó?”

“Ẹgbẹẹgbẹ̀rún, fún aláìsàn kan ṣoṣo, fún ọdún kan.”

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n sin ìkejì wọn sí. Nígbà tí wọ́n máa lanu, wọ́n ní, “Àwọn tí wọ́n gún un fún, wọ́n yè?” Mo ní wọ́n yè. Wọ́n ní, “Ó dáa,” wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpẹ́ padà. Kò pẹ́ tí wọ́n tún dáwọ́ dúró. “Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?”

Wọn ò ṣe é mọ́. Ní 1994, èyí tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì háńsítà, irú eku kan, ṣe rọ́pò rẹ̀. Ọmọ-ọmọ sẹ́ẹ̀lì tí onímọ̀ kan, Theodore Puck, mú láti ilé ẹyin háńsítà kan tó ti Ṣáínà wá ní 1957 ni, títí dòní wọn ò tíì dẹ́kun ìbí nínú táǹkì káàkiri ayé. Láti 2012, òmíràn tún wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì ló ń ṣe é. Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí ti kárọ́ọ̀tì. Èmi ò tíì bọ́ nínú ti háńsítà. Ìtura gbáà ni fún aláìsàn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: eku tí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀, wọ́n mọ ọdún tí wọ́n mú un àti ẹni tó mú un. Èèyàn tí wọ́n kọ “ti èèyàn” sára ike mi nítorí rẹ̀, kò ní ìtàn.

Gbogbo ẹ́ńsáìmù kọ́ ló sì ń ṣojú rere sí irú Àjàní. Rasburicase, tí wọ́n ń fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ kan, ìwúkàrà ló ń ṣe é láti inú jíìnì irú ohun tó máa ń hù sára oúnjẹ tó bu. Iṣẹ́ tó ń ṣe máa ń tú hydrogen peroxide sílẹ̀. Iná nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé ẹni tí G6PD rẹ̀ ò pé kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n mú iná lọ. Wọ́n fi gilisiróòlù sí ohun tó wà nínú ike náà kó má baà dì gbagidi, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ gbóná, kò sì gbọ́dọ̀ máa gbóná kó tún máa tutù. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa. Bẹntiróòlù tí a fẹ́ fi lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ ni mo sun sórí ohun tí kò tó ẹ̀kán omi kan. (Ó là á já. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé láàbù, mo da díẹ̀ sínú gíláàsì, mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ní nánómítà 340, nọ́ńbà sì ń gùn díẹ̀díẹ̀. NADPH ni. Ó ń fa omi. Agbára rẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, mo sì mọ ìdí.)

Ìró jẹnẹrétọ̀ jí ìyá mi. Wọ́n jáde wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ní, “Màmá, kì í ṣe àpótí yẹn.”

Wọn ò bi mí pé àpótí wo.

Mo sọ fún wọn pé orí krómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì tò sí, ni jíìnì G6PD wà. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọkùnrin ti ń gba X. Ohun tó ń ṣe Àjàní, ara mi ló ti wá. Ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà nínú èmi fúnra mi, torí nínú sẹ́ẹ̀lì obìnrin kọ̀ọ̀kan, X kan ló ń sọ̀rọ̀, èkejì á dákẹ́. Irú obìnrin báyìí ni Lucio Luzzatto, E. A. Usanga àti S. Reddy wò ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n fi tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1969. Nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan náà, tí ibà ń ṣe lọ́wọ́, wọ́n rí kòkòrò ibà nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ pé ju èyí tí tirẹ̀ ò pé lọ. Àìpé yẹn ti gba àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ ibà, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ báyìí láàárín wa, débi pé bí ọkùnrin márùn-ún bá jókòó sídìí ayò, ó lè wà lára ọ̀kan nínú wọn. Mo ní, “Ẹ̀yin ò kó nǹkan kan bá a. Èmi ni mo fún un.”

Wọ́n ní, “Ìwọ ńkọ́, ta ló fún ọ?”

Mo ní ó lè jẹ́ àwọn, ó lè jẹ́ Bàbá.

Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Wọ́n fa ìró mọ́ra. “Ọdún tí o wọ iléèwé gírámà, wọ́n fún bàbá rẹ ní oògùn ibà kan. Ó tọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó dúdú bíi kóòkì. Ó fi pamọ́ fún mi, inú pọ́ọ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é.”

X kan ṣoṣo ni ọkùnrin ní. Bí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọbìnrin tó bá bí ló máa gbà á. Láti 1956 ni wọ́n ti mọ̀ ní Ṣíkágò pé àìpé G6PD ló máa ń mú kí oògùn ibà kan, primaquine, fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Ìròyìn náà ò tíì dé ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀ bàbá mi.

Ìyá mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó rí nǹkan tó ti ń wá: “Àkàndé ni.”

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo jí kí n lè bá ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ ní Ìpàkòdò. Kúlà ti wà lórí tábìlì. Wọ́n ti kó áìsì sí i, wọ́n fi ìborùn funfun kan we ike náà, wọ́n sì ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń ta ohun tí wọ́n fẹ́ fi lé bàbá ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n bi mí pé, “Ó jí dáadáa?” Mo ní ó jí dáadáa, mà.

Nínú ọkọ̀, mo gbé kúlà náà lé ẹsẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ọmọkùnrin tó ń pín jákẹ́ẹ̀tì dúró níwájú mi, ó ní kí n gbé e sílẹ̀, àyè ò tó. Mo ní kò ṣeé gbé sílẹ̀. Àwọn tó jókòó yí mi ká yíjú sí mi.

“Àǹtí, kí ló wà nínú ẹ̀?”

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Ẹja ni.”